Àìsàn Tí Mo Pè Ní Odì

Ìró ṣíbí lára ìkòkò ni mo fi ń mọ̀ pé ìyàwó mi wà nílé lọ́dún náà, nítorí kì í bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ìbejì wa ti lọ kàwé n'Ìbàdàn, àwa méjì ló kù n'Ìgbó-Ọrà. Ọ̀kadà ló gbé ìyàwó mi ṣubú lọ́nà Lánlátẹ̀. Ó forí gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, a sì dúpẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la ti jà, torí náà nígbà tó dákẹ́, mo ní ó ń bá mi yodì ni. Èmi náà yodì. Èmi akọ̀ròyìn tó ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé sínú ìwé, n kò bi aya mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Màmá kan tó ń gbé ilé kejì sí wa bú mi: "Bàbá Ìbejì, àgbàlagbà ń yodì bí ọmọ tí wọn ò fún lẹ́ran!" Mo ní, "Ta ló kọ́kọ́ dákẹ́?" Nígbà tó yá, ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ìdèrè. N kò dá a dúró.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé mi dé Èrúwà, níbi tí àwọn dókítà kan ti ń dán kọ̀ǹpútà kan wò. Wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí ènìyàn, ẹ̀rọ á sì máa kọ ìgbì iná kéékèèké inú ọpọlọ sílẹ̀. "Àkọsílẹ̀ àwọn tó fi orí ṣèṣe àti ti àwọn tí kò ṣe la fi kọ́ ọ," ni dókítà obìnrin kan wí, "títí ó fi ń rí ìyàtọ̀ tí ojú wa ń fò." Mo bi í pé irú ẹni wo ni wọ́n ń wá.

"Ẹni tó ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ ò jáde, tí ará ilé ní ó ti yíwà padà. Kì í tètè fèsì mọ́."

Bíírò dúró lọ́wọ́ mi.

Mo lọ mú ìyàwó mi wá láti Ìdèrè. Ó tú irun rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ náà tọ́ka sí ìpalára. Dókítà fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó mi wò mí títí.

"Mo ń wá ọ̀rọ̀ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí n tó rí i, ẹ ti jáde."

Ìdèrè ló ṣì ń gbé. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró de èsì òun. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ti ẹni tó pẹ́ kó tó béèrè. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń lọ. Mo máa ń bi í pé báwo lara, mo sì máa ń jókòó. Nígbà mìíràn oòrùn á ti kúrò lẹ́sẹ̀ wa kí èsì tó dé. Mo máa ń gbọ́ ọ tán kí n tó wọ mọ́tò padà sílé tí kò sẹ́nì kankan.