Nàìjíríà Inú Ẹrẹ̀ Táyà

Bàbá mi kò rìn kọjá Ìkọ̀lé rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í bí Nàìjíríà ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fọ lọ́rì àti tírélà lójú ọ̀nà Ìjan, ní Adó níbí. Akínbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà ń pè é ní Bàbá Afọkọ̀. Èmi Monínúọlá, ọmọ rẹ̀, ń pè é ní Ọba Ẹlẹ́rẹ̀, tí mo bá ti jìnnà débi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó mi.

Kó tó da omi sí táyà, á kọ́kọ́ fi ìka bu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, á ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á sì dijú.

"Ẹrẹ̀ Nùmán, lókè Ọya lọ́hùn-ún, nìyí," á ní. "Ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú."

Eruku Sókótó kúnná bí àtíkè. Ẹrẹ̀ Wárì ń rùn bí ẹja àti epo rọ̀bì. Iyanrìn Lọ́kọ́ja funfun. Ó ní odò méjì ló jọ sẹ́ ẹ. Ti Jọ́ọ̀sì ló fẹ́ràn jù, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán yinrinyinrin. Ó ní ṣe ni Ọlọ́run gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sórí tábìlì kó lè tutù. Tó bá ń sọ ọ́ báyìí, omi á máa ṣàn lọ láti ẹnu páìpù, lójú mi á sì di odò ńlá tó ń gba àárín ilẹ̀ tí n kò mọ̀ kọjá.

Búọ̀dá Ọlátúndé, tó ń kó pákó lọ sí Jọ́ọ̀sì tó sì ń kó kábéèjì bọ̀, máa ń bẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún pé kó jẹ́ káwọn jọ lọ. Lọ́dún kan, orúnkún ló ń dùn ún. Lọ́dún kejì, àwẹ̀ ni wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí mo fúngun mọ́ ọn ló tó jẹ́wọ́.

"Monínú, tí mo bá débẹ̀ tí kò rí bí mo ṣe kó o jọ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi èyí tó wà nínú orí mi ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dùn lẹ́nu mi.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èmi àti Búọ̀dá Ọlátúndé jọ gbìmọ̀ láti tàn án lọ. Mo sọ fún Dádì pé lọ́rì kan rì sẹ́rẹ̀ ní Ìjan, pé òun ni wọ́n ń dúró dè láti fọ̀ ọ́. Kíá ló ti gun ọkọ̀ tí Búọ̀dá Ọlátúndé fi ń kó pákó, èmi náà tẹ̀lé e.

"Ọlátúndé, a ti kọjá Ìjan."

"Lọ́rì yẹn ti sún síwájú díẹ̀, sà."

"Lọ́rì tó rì?"

"Ó ń rì lọ síwájú ni, Dádì," mo ní.

Nígbà tá a dé Òmùò, ó ti yé e. Kò bú mi. Ó kàn dijú, ó dì í pinpin.

"Dádì, ẹ wo òkè kan bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé."

"Mi ò gbọ́."

A kọjá Kábà, ojú ṣì wà ní dídì. Ní Lọ́kọ́ja, Búọ̀dá Ọlátúndé páákì létí omi. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó tutù, ó ń rùn bí iyanrìn tútù. Imú Dádì gbọ̀n. Ojú kan là, èkejì tẹ̀ lé e.

Odò méjì náà wà níwájú wa, ọ̀kan pupa bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, èkejì bí omi ewé. Wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò yára, títí wọ́n fi wọnú ìkùukùu ọyẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan wà láàárín, ó kéré bí èèpo ẹ̀pà. Dádì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé etí omi. Mo rò pé mo ti ba ayé bàbá mi jẹ́.

"Mo rẹ́ ẹ jẹ," ló ní nígbẹ̀yìn. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kékeré ni mo ń ṣe é."

"Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò padà."

"Ìwọ ni kó o lọ ulé. Tírélà mẹ́ta ń bọ̀ lọ́la. Fọ abẹ́ wọn dáadáa, ọ̀lẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mò ń bá Ọlátúndé gòkè lọ sí Jọ́ọ̀sì."

"Òtútù ibẹ̀ á pa yín! Ẹ ò mú aṣọ."

Ó wo súwẹ́tà tuntun ọrùn mi, píńkì olódòdó. "Bọ́ ọ wá."

Bàbá mi wọ̀ ọ́. Kò dé ìdodo rẹ̀. Búọ̀dá Ọlátúndé fi orí lé sítíárì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Mo dúró létí odò, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra apá mi nítorí òtútù, mo ń wo apá píńkì kan tó yọ síta lójú wíńdò, títí ọ̀nà fi gbé e yí ẹsẹ̀ òkè kọjá.