Obìnrin Kọkànlélógójì

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kò le. Mo ṣì wà ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣèwádìí nípa ìlera àwọn aboyún gba èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìlú La Porte láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ní àdúgbò Third Ward la ti ń ka ohun tí àwọn aboyún ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà kọ sí ojú ewé kan lórí ayélujára. Wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Tiwa ni ká ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká sì sọ ìsọ̀rí tó bọ́ sí: àmì ewu, ìbéèrè, àwàdà, tàbí ẹ̀sìn. Àmì ewu ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn obìnrin máa ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n síta kó tó pẹ́ jù.

Èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá nínú yàrá náà.

Ọmọ La Porte yẹn kì í dákẹ́. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sọ pé èéfín tí òun ti fà láti kékeré kò jẹ́ kí òun bẹ̀rù ohunkóhun mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Kí lèyí ń sọ?"

Obìnrin kọkànlélógójì ni. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀fọ́rí kì í ṣe ìpín mi." Lọ́jọ́ kejì: "Bàtà mi yóò gba ẹsẹ̀ mi lórúkọ Jésù." Lọ́jọ́ kẹta: "Ojú mi kò ní ṣókùnkùn. Mo kọ̀ ọ́." Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin mìíràn to Àmín síbẹ̀ bí ẹni to búrẹ́dì.

"Àdúrà ni," mo ní.

"Àdúrà bàtà? Ṣé Ọlọ́run ti ń ta bàtà ni?"

A rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà kì í gbàdúrà lé lórí. Ó tẹ ẹ̀sìn, èmi náà tẹ ẹ̀sìn. Bí ẹni méjì bá ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì àti orin.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta yẹn, obìnrin náà kò kọ nǹkan kan mọ́. N kò ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní àdúgbò Greenspoint. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí, bàtà àti ojú náà fún wọn bí àwàdà. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Oṣù mélòó ni oyún rẹ̀?"

"N ò mọ̀, Mọ́mì. Kò kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìwọ ọ̀mọ̀wé yìí! Ṣé o ti rí ẹni tí inú ò run rí, tó jí láàárọ̀ tó ní inú rírun kì í ṣe ìpín òun?" Wọ́n ju òkúta kékeré kan sínú ìdọ̀tí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ni. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó ń fi ẹnu kọ̀ ọ́. Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?"

Mo mọ̀. Nílé wa, bí ibà bá mú mi, "Mo lágbára" ni wọ́n kọ́ mi láti sọ. Ìgbà tí mo bá sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ni ìyá mi máa ń dìde lọ wá oògùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. A ò sì gbọdọ̀ wá ẹni tó kọ ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká kúkú gbé obìnrin náà lọ sí àmì ewu, kí wọ́n lè kà á mọ́ àwọn tó sọ ewu síta. Ó bi mí léèrè.

"Bí a bá gbà pé ẹni tó ní òun ò ṣàìsàn ń ṣàìsàn, àdúrà wo ló máa ṣẹ́ kù tí a ò ní kà sí àìsàn?"

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Abẹ́ ẹ̀sìn ni obìnrin náà wà títí iṣẹ́ fi parí.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí. N kò lè sọ pé obìnrin náà kú. Ènìyàn lè dákẹ́ nítorí pé ó ti bímọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dí, tàbí nítorí pé fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tó dá mi lójú kò pọ̀: ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ní èdè tí mo gbọ́, èmi ni mo sì jẹ́rìí pé kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí a ṣàfihàn iṣẹ́ wa, ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì méjì wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n dúró síwájú pátákó tí a kọ àbájáde iṣẹ́ wa sí, wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sísàlẹ̀.

"Obìnrin oníbàtà yẹn ńkọ́? Ibo ló wà?"

"Kò sí níbẹ̀, Mọ́mì."

Wọ́n fi ìka tọ ìlà tó gbẹ̀yìn, wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé àwọn aboyún ọmọ Nàìjíríà kì í sábà sọ àmì ewu síta.

"Wọn kì í sọ," ni wọ́n wí. Wọn kò wo ojú mi.

Wọ́n yọ fóònù. Wọ́n ti ṣèlérí fọ́tò fún àwọn ará ìjọ.

"Dúró dáadáa. Rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ká tó dé ibùdókọ̀, Àmín àwọn ará ìjọ ti kún inú fóònù wọn.