Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lóògùn Nínú

Àbúrò mi ọkùnrin gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sùn. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n bá rí ojú rẹ̀. Ṣọ́jà ni. Láyé ìjọba tiwa-n-tiwa yìí, tí àwọn ọmọ ogun wa kò gba ìjọba mọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wọn ni pé kí wọ́n dé fìlà búlúù lọ máa ṣọ́ àlàáfíà ní ìlú onílùú. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ti dojú dé. Orí rẹ̀ gbá irin, ó sì dákú. Orí náà kò fọ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀. Àmọ́ àwọn tó wá kó wọn rò pé ó ti kú ni, wọ́n bá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kú lóòótọ́, wọ́n da aṣọ bò wọ́n. Nígbà tó máa jí, ohùn ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni náà ń fi bàtà kan ẹsẹ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n, ó sì ka àbúrò mi náà mọ́ wọn.

Nígbà tí ìyá wa gbọ́, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ká má tíì sọ pé kí wọ́n wá kà á mọ́ òkú.

Dókítà àwọn ológun ní ọpọlọ rẹ̀ kàn mì ni, pé yóò fara rọ̀ tó bá yá. Kò fara rọ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó padà wá sílé rẹ̀ ní Tchaourou, lẹ́yìn ojú irin, òun àti ojú tí kì í padé.

Oru kọ́ ló bani lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀sán ni. Lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá bá ti wábi forí pamọ́ sí, òun nìkan ni yóò jókòó sábẹ́ igi kajú, tí yóò lajú sílẹ̀ bí ehoro. Lójijì yóò dáhùn pé, "Mo ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè tí a kò mọ ẹni tó pè, pàápàá lásìkò tí àwọn tí a kò rí náà ń rìn. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Èmi bú wọn, torí ẹnu mi mú ju àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un lásìkò yẹn, orí tèmi náà máa ń wú. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan yóò dìde tẹ̀ lé ẹni tó ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Baatonu, ló gbọ́ pé obìnrin dókítà ará Ṣáínà kan wà ní Parakou tó ń fi abẹ́rẹ́ wo àìróorunsùn.

Mo bi í pé, "Oògùn wo ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà?"

"Tata, rien. Kò sí oògùn. Abẹ́rẹ́ nìkan." Tata, ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè mí.

Ìyá wa ní wọn ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ lásán gún ọmọ èèyàn, pípa ló fẹ́ pa á. Àbúrò mi ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún mi. Kódà tí wọ́n bá rán mi mọ́ ẹní, mo fara mọ́ ọn."

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ nígbà àkọ́kọ́. Aránṣọ ni mí, mo mọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Ó tín-ín-rín bí irun. Obìnrin náà fi wọ́n sí i láàárín ojú, ní àtàrí, lọ́rùn ọwọ́, lẹ́sẹ̀, kò sì dùn ún. Àbúrò mi nà gbalaja, abẹ́rẹ́ dúró lára rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Nígbà tí fáànù yíjú síhìn-ín, gbogbo wọn gbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ òun alára kò mira. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dákẹ́." Mi ò bi í pé àwọn wo.

Kò sùn lọ́jọ́ náà. Dókítà ní "doucement", díẹ̀díẹ̀, pé kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, ni obìnrin aládùúgbò kan bá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Ẹ kú àfẹ́kù, tata. Ọlọ́hun á forí jì wọ́n."

Mo ní, "Ta ni?"

Ó ní, "Wọ́n ní àbúrò yín."

Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sáré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Wọ́n ti Parakou dé, ó nà sórí ẹní, oorun gidi sì gbé e. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn dé ibi pé ó bú sẹ́kún. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá wa ní Alafiarou, ó ń ké pé, "Ìyá, bàbá àwọn ọmọ ti sùn! Ó ti sùn!" Ọjà ló ti kọ́ Yorùbá. Ohun tó rí ló sọ. Àmọ́ nílé wa, "ó ti sùn" la sọ nígbà tí bàbá wa jáde láyé, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń sọ ọ́ fún gbogbo òkú wa. Ta ló ń fi ẹkún pe èèyàn lórí fóònù lọ́sàn-án gangan láti sọ pé ọmọ rẹ̀ ń sùn? Lẹ́yìn ìpè náà, ìyàwó rẹ̀ gbé àgbàdo, ó lọ síbi ẹ̀rọ ìlọ̀. Ìyá wa gun alùpùpù zém, àwọn ẹbí gun tiwọn, álífáà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú aṣọ funfun, torí a kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú. Wọ́n bá a ní nínà gbọọrọ, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Nígbà tí ìyàwó padà dé, tó bá ẹkún nínú ọgbà, òun náà gbà pé ó kú lẹ́yìn òun ni. Ó sọ igbá ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀, ó fìgbe ta.

Ìyẹ̀fun yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, tó funfun kalẹ̀, tí ipasẹ̀ àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo wọlé. Ìyá wa jókòó sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀. Wọ́n ti ta aṣọ funfun bò ó dé àyà. Bí álífáà ṣe bẹ̀rẹ̀ láti fà á bo ojú, mo rí i tí aṣọ náà gbéra, tó tún rọra wálẹ̀. Mo di ọwọ́ álífáà mú.

Àbúrò mi lajú.

Àwọn èèyàn sá. Álífáà ló ṣáájú wọn. Èmi ò sá. Aṣọ lára rẹ̀, àwọn èèyàn lórí rẹ̀: ohun tó bá lọ́hùn-ún gan-an la tún tò sílẹ̀ dè é nínú yàrá tirẹ̀. Mo ní ó tán, kò ní pa ojú dé mọ́ láyé.

Ó wo aṣọ náà. Ó wo ìyá wa pẹ́.

"Ìyá, èmi lẹ ń sunkún?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi."

"Lọ́hùn-ún," ló wí, "kò sẹ́ni tó sunkún."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ funfun náà dé ọrùn, ó kọjú sí ògiri, oorun tún gbé e lọ.

Ìyàwó rẹ̀ rọra fọwọ́ kan ìyá wa léjìká, pé, "Ìyá, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn." Ìyá wa mi orí. Wọn ò dákẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n rọra ń sunkún ọmọ wọn tó wà láàyè, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dánu dúró láti mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ́ mira lábẹ́ aṣọ, bí ẹni tó fẹ́ jí.