Ohùn Tí Kì Í Ṣe Ti Ọmọ Ìyá Mi

Bẹ́ẹ bá ń bi mí bóyá èmi ni ẹ̀gbọ́n òṣèrébìnrin tó ń kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, èmi ni. Aṣọ ni mò ń rán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin ohùn rẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ bá yìn ín, inú á bí mi, bí inú bá sì ti bí mi, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́. Ẹ wo ọwọ́ mi bó ṣe rí.

Ojú ìyá wa ti fọ́ kí wọ́n tó bí àbúrò mi yìí. Èmi ni mo bá ojú náà láyé, wọ́n rí mi dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ní mi ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Àbúrò mi ní tiẹ̀, wọn ò rí i rí. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Màámi, etí ni. Bí wọ́n bá jókòó sídìí fèrèsé tí wọ́n ń hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọ́n á mọ̀ bóyá bàtà tuntun ló wọ̀, wọ́n á sì mọ̀ bóyá inú ń bí i. "Ìwọ yìí, ta ló tún ṣẹ̀ ẹ́?" Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi káàbọ̀ nìyẹn kí n tó kanlẹ̀kùn.

Àwọn ni wọ́n kọ́ àbúrò mi lórin. Wọ́n á gbé àtàǹpàkò lé e lọ́fun, wọ́n á ní, "Orin yẹn ò tíì ti ibi tó yẹ kó ti wá. Tún un mú wá." Ó ṣì kéré nígbà tí gbọ̀ngàn eré tó wà lẹ́yìn báńkì gbà á. Eré olórin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà ló ń kọrin, òun náà ló ń jó. Igi ló kọ́kọ́ ṣe. Igi, ẹ gbọ́ mi! Ó dúró gbagidi sẹ́yìn nínú aṣọ àwọ̀ ewé tí mo rán, kò gbọ́dọ̀ mira. Láti orí igi ó bọ́ sáàárín àwọn elégbè, nígbà tó yá, òun ló ń dárin. Màámi á jókòó sí ìlà iwájú, wọ́n á sì dijú, bí ẹni pé ojú ọ̀hún ṣì ń ríran.

Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ nílé mọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ: kí àwọn gbọ́ orin ọmọ àwọn nínú tẹlifíṣọ̀n kí àwọn tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tí àwọn eléré wọ̀nyí ní. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ṣeré lọ́sàn-án, tí wọ́n á tún ṣe nírọ̀lẹ́, wọn kì í kọrin tokuntokun ní rìhásà àárọ̀. Wọ́n á kàn máa kùn ún lábẹ́lẹ̀, kí ohùn má baà há. Ọ̀gá wọn a máa pariwo pé, "Ohùn kì í ṣe omi ẹ̀rọ o! Ẹ dá a sí!" Àbúrò mi a sì máa dá a sí, torí ọmọ tó gbọ́ràn ni, kò jọ mí.

Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni olùdarí eré kan láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yọ́ wọlé, ó dé fìlà bojú, ó jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó wo bí ọmọ náà ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sunkún. Ó sì gbọ́ ohùn tó ń dá sí yẹn. Kí eré ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, bàbá náà ti bá tiẹ̀ lọ.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò mi, ó ní ọmọ náà ló máa ṣe akọrin nínú eré àtìgbàdégbà tuntun kan, orí rẹ̀ ni gbogbo eré máa dá lé. A jó, a yọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó tún sọ? Ó ní ojú rẹ̀ dáa, ìṣesí rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò légungun. Obìnrin mìíràn ti kọ àwọn orin náà sínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ àbúrò mi ni kó máa la ẹnu sí i. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kóun kọ ọ̀kan péré fún un. Bàbá náà ní iṣẹ́ orin ti parí. Àdéhùn wọn ni pé kò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ kọrin níbi tí èèyàn ti lè gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń palẹ̀ gbọ̀ngàn eré mọ́, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ibo ló fẹ́ gbà? Ó gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún wa.

Aṣọ ni mo gbé lọ fún un níbi tí wọ́n ti ń ya eré náà, mo bá a láàárín iná. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ẹnu rẹ̀ ń pa dé, ohùn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ń tinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde. Mo kọjú sí olùdarí náà, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ta lẹ ń tàn jẹ?" Kí n tó sọ èkejì, àbúrò mi ti fà mí wọ yàrá ìmúra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Màámi ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá rí i pé mo mọṣẹ́, wọ́n á jẹ́ kí n kọ tèmi lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo ní Màámi ńkọ́?"

Ó ń fi òwú nu àtíkè lójú, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

Sọ́ńdè tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ó wá wò ó nílé lọ́dọ̀ Màámi. Pálọ̀ kún. Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, obìnrin tí àṣírí kì í sùn nínú ẹ̀ mọ́jú. Àbúrò mi sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ọmọ mi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbórí sókè.

"Ta ló ń kọrin yìí?"

"Háà, Màmá! Ọmọ yín náà ni!" Ìyàwó káfíńtà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń mì!"

"Kì í ṣe òun."

Ẹnì kan sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ogbó dé. Màámi kọjú sí ibi tí àbúrò mi jókòó sí.

"Àbí ẹ̀rọ ni wọ́n fi yí i padà? Ṣé ìwọ ni?"

Mo wo àbúrò mi. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Òun náà ń wo ìyàwó káfíńtà.

"Èmi ni, Màámi," ó wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín sí i. "Kò sí ẹ̀rọ kankan ńbẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Láti ìgbà tó ti ń ṣe igi, mi ò rí i kó ṣeré tó dáa tó ìyẹn rí.

Màámi fi ìka kan nu inú etí, wọ́n ní, "Etí náà ti lọ nìyẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ gbọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òtítọ́ tiwa dé, kò rí àga jókòó lé. Àbúrò mi wọ yàrá Màámi, ó tilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ orin náà fún wọn lóhùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó káfíńtà ń gbá àtẹ̀gùn níta, ìyẹn ni ò ṣe lè gbé ohùn sókè. Ó tún dá a sí. Mo fẹ́ kígbe.

Màámi fọwọ́ pa á lórí. "Àánú mi ló ń ṣe ẹ́, lo ṣe ń sọ pé kì í ṣe ìwọ. O ṣeun, ọmọ mi. Èyí tó o kọ yìí gan-an, kò dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n."

"Màámi, mo fojú mi rí i níbi iṣẹ́ wọn!" Èmi nìyẹn.

"Ìwọ náà ti ń bá a ṣe é? Òṣèré ni òun, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Òun ò sì lè parọ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn."

Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí? Àbúrò mi padà síbi iṣẹ́. Sọ́ńdè sí Sọ́ńdè, Màámi á fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé etí tì í, wọ́n ń kọ́ ohùn obìnrin yẹn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn wọlé lọ́jọ́ kan, kí àwọn má dá a mọ̀.

Lánàá, mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà tí mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí wá náà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Mo kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ ta?"

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fọwọ́ wá ojú mi, wọ́n wá imú mi, wọ́n wá ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́, kí wọ́n tó gbà pé èmi ni.