Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìlobì

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìlobì kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Èmi àti Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wọkọ̀ láti Ìlaròó. Àwọn òǹwòran ti yí agbo ká, àwọn ọmọdé ń lá áisìkirimù, eruku pupa sì rọra ń gbé sókè bí ẹni pé ojú àlá ni a wà.

Bàbá mi jó jáde, ó gbé ère tí Bàbá àgbà olóògbé máa ń gbé sórí. Lójijì, ó fẹsẹ̀ kọ, ère náà fẹ́ já bọ́. Ó dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká bíi ti Bàbá àgbà gẹ́lẹ́.

Màmá àgbà kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Màmá, ọmọ yín lẹ kúnlẹ̀ fún?"

Ó nu ojú. "Ọmọ mi kò mọ ijó yẹn jó. Bàbá rẹ̀ ló ń jó."