Ààmì Tí Ṣàíbù Ò Rí Tẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnjiníà ló gba kànga ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Ọ̀dàn là, irọ́ ni. Ṣàíbù ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló gbẹ́ kànga yẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn, kí ilé tó débẹ̀. Kò wọ iléèwé rí. Èmi tí mo ń wáyà ilé náà, ojú ni mo fi kọ́ iṣẹ́ tèmi.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà là ń kọ́lé ọ̀hún. Adédọ̀tun, ẹnjiníà wa, gbé pláànù ẹ̀ sórí fóònù gbogbo wa. Ibi tí oníkálùkù bá tẹ̀, ààmì ẹ̀ á yọ, gbogbo wa á rí i. Nǹkan yẹn dáa, mi ò ní parọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ibi tí mo fẹ́ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ni Nọ́ọ̀sì Dinah ti fẹ́ máa wẹ ọmọ tuntun. Níbi tí Dinah àti Ṣàíbù ti jọ ń wò ó ni Dinah ti gbọ́ lẹ́nu Ṣàíbù pé ẹ̀yìn ọgbà ni omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá sí kànga. Òun náà wá ṣàlàyé fún Ṣàíbù pé bí ìdọ̀tí ṣáláńgá bá wọ kànga, ìgbẹ́ gbuuru ló ń kó bá ọmọdé.

Ṣàíbù ti sin ọmọ kan lórí ìgbẹ́ gbuuru. Ó kàn ń wo pláànù. Ẹ̀yìn ọgbà yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣáláńgá sí.

Kó tó tẹ ààmì tiẹ̀ síbẹ̀, fóònù ẹ̀ kú. Torí bọ́dà, wọn ò gbé epo bẹntiróòlù wá sọ́dọ̀ wa mọ́, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù fún wa ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó bá lọ fẹnu sọ fún Adédọ̀tun pé ojú ọ̀nà omi ni ṣáláńgá wà.

"Bàbá, mi ò rí i lórí pláànù."

"Èmi ni mò ń sọ ọ́ fún ẹ yìí."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí gbogbo wa lè rí i."

"Fóònù mi ti kú."

"Ẹ jẹ́ kó jí, sà."

Mo ní, "Tèmi náà ti kú. Fi tìẹ tẹ̀ ẹ́ bá wọn."

Ó ní oníkálùkù ló ń tẹ tiẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ṣàíbù náà ni wọ́n gbéṣẹ́ ṣáláńgá fún. Ó gbà á. Ó ń gbẹ́ ẹ bí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ihò ò tíì mù ún dé àyà tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde. Ó ránṣẹ́ pe Adédọ̀tun. Ìyẹn bẹ́ sínú ihò tòun ti bàtà, ó fọwọ́ kan omi, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó sì gbé ṣáláńgá lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà lórí pláànù. Orúkọ tiẹ̀ ló kọ síbẹ̀ pé òun ló rí i.

Mo lọ bá Ṣàíbù, mo ní, "Ṣàíbù, o ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Wọ́n ti gbé e kúrò lẹ́yìn ọgbà?"

"Wọ́n ti gbé e."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ó mú ṣọ́bìrì, ó ń da iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò.