Ojú Tíṣà Mi àti Lẹ́ńsì Àtijọ́

Nígbà tí mo ra kámẹ́rà tuntun, èyí tí wọ́n ní ó lè mú irun ìpéǹpéjú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò pààrọ̀ lẹ́ńsì. Èyí tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo dè mọ́ ọn, torí kò já mi kulẹ̀ rí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe ni ti tíṣà mi kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìyìn. Àwọn tó kọ́ níwèé, bí ọgọ́ta, pé jọ síwájú ilé rẹ̀, mo sì yà wọ́n. Màmá tíṣà náà ní kí n tẹ fọ́tò náà ní gbàgàdà, kí òun lè máa wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo gbé e dé, ó sún mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta nìyí lẹ́yìn? Gbogbo wọn rí bàìbàì. Àṣé ojú mi ti lọ báyìí."

Èmi náà rí i pé bàìbàì ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ní, "Àgbà ló dé, mà." Mo bá tèmi lọ.

Ní Adó, mo gbé kámẹ́rà náà lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, ó fi lẹ́ńsì mi yà á, ó sì fi tirẹ̀ yà á. Nígbà tí a fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà inú ti àkọ́kọ́ ti dà pọ̀ mọ́ra. Ti ìkejì ṣe é kà.

"Lẹ́ńsì ló ń ríran," ó ní. "Ohun tó bá rí ni kámẹ́rà ń kọ sílẹ̀. Kámẹ́rà rẹ àtijọ́ kì í kọ nǹkan wẹ́wẹ́, àléébù lẹ́ńsì yìí ò lè hàn níbẹ̀. Tuntun yìí ló tú u fó."

Ó yá mi ní lẹ́ńsì tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo padà sí Ìyìn. "Wọ ulé wá," ni Màmá ń pè. Mi ò tíì jókòó tí mo fi sọ ọ́.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Lẹ́ńsì mi ni, mo sì mọ̀ pé fọ́tò yẹn ò dáa."

Màmá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mi ò ní lè ka Bíbélì fún wọn mọ́."

Mo wolẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ fọ́tò lásán ni.

Kò bínú. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tó yá ó ní, "Ọgọ́ta ò lè pé jọ mọ́. Àwọn tó wà nítòsí ńkọ́?" Bí mo ṣe lọ sí Ìjan nìyẹn, mo dé Ìgbẹmọ, mo fi lẹ́ńsì ọ̀gá mi ya mọ́kànlá nínú wọn.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò wọn dé, Màmá wò wọ́n títí, ó fi ìka kan ọ̀kan. "Wo àpá iwájú orí rẹ̀! Orí igi máńgòrò ló ti já bọ́ ní kíláàsì kẹrin. Èmi ni mo gbé e pọ̀n dé ọsibítù."